Oliver Tambo, Olùkọ́ Ìṣirò Tí Ó Mọ Iyì Àṣírí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó wù mí láti sọ fún yín ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin kan tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ní ìlú Johannesburg, ní Gúúsù Áfíríkà. Oliver Reginald Tambo ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí olórí ẹgbẹ́ ANC, àwọn tí wọ́n sì máa ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Johannesburg mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe pápá ọkọ̀ òfuurufú ìlú náà láti ọdún 2006. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé olùkọ́ ìṣirò ni í ṣe, tàbí pé ní ìgbà ogbó rẹ̀, abẹ́ àṣẹ rẹ̀ ni a ti lo kọ̀ǹpútà láti gbé ọ̀rọ̀ àṣírí kọjá lójú àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ń dẹtí sí tẹlifóònù. Mo yan ìtàn yìí nítorí pé ní òde òní àwọn olè ń gba inú kọ̀ǹpútà wọ ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì ìjọba, mo sì gbà pé ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ yóò wúlò fún ẹnikẹ́ni tí yóò kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi òwe yìí sọ́kàn bí a ti ń bá ìtàn náà lọ.

A bí Oliver Tambo ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1917, ní abúlé Kantolo ní agbègbè Bizana, ní ilẹ̀ àwọn Mpondo. Kaizana ni orúkọ tí bàbá rẹ̀, Mzimeni, kọ́kọ́ sọ ọ́. Láti inú orúkọ Káísà, ọba ilẹ̀ Jámánì, ni ó ti fa èyí yọ, nítorí pé Káísà ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun ní àkókò náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n sì gba ilẹ̀ Mpondo mọ́ àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ìwé ni ó tó ní orúkọ Oliver. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà ní Holy Cross, lẹ́yìn náà ni ó rin ìrìn àjò gígùn lọ sí Johannesburg, sí ilé ẹ̀kọ́ St Peter's tí ó wà ní Rosettenville, ní ìhà gúúsù ìlú náà. Ní ọdún 1938 ó yege ìdánwò àṣejáde pẹ̀lú ipò kìíní. Ó tẹ̀ síwájú sí Yunifásítì Fort Hare, ó sì gba oyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì ní ọdún 1941. Ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kún un, ṣùgbọ́n ní ọdún 1942 a lé e kúrò ní Fort Hare nítorí ipa tí ó kó nínú ìfẹ̀hónúhàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tí a lé kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kì í sábà rí iṣẹ́, ṣùgbọ́n St Peter's tí ó ti tọ́ ọ dàgbà tún ṣílẹ̀kùn fún un. Ní ọdún 1943 ó padà sí Rosettenville gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Duma Nokwe, tí ó di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ ANC ní ọdún 1958, wà lára àwọn ọmọ tí ó kọ́. Ní ọdún 1944, òun pẹ̀lú Nelson Mandela, Walter Sisulu, Anton Lembede àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ANC sílẹ̀ ní Johannesburg. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ó gbẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ náà. Ní ọdún 1953 ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣe òfin tí ó gba ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú sí ìkáwọ́ ara rẹ̀, kí a lè máa kọ́ wọn ní ìwọ̀nba ohun tí ẹrú nílò. Àwọn àlùfáà tí wọ́n ní St Peter's kò fẹ́ bá ìjọba lọ́wọ́ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ní ọdún 1956.

Ṣáájú ìgbà náà ni Tambo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ láti kọ́ òfin. Ní oṣù kejìlá ọdún 1952, òun àti Mandela ṣí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ní ilé tí à ń pè ní Chancellor House, ní òpópónà Fox ní àárín Johannesburg. Mo ti dúró ní iwájú ilé náà rí. Ilé alájà mélòó kan lásán ni, kò ga, kò sì lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n rú òfin ìwé ìrìnnà, àwọn tí a lé kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn, àti àwọn tí a mú nítorí pé wọ́n wà níbi tí kò yẹ kí wọ́n wà, gbogbo wọn ni wọ́n ń kún àtẹ̀gùn rẹ̀ fọ́fọ́ ní àràárọ̀. Tambo jẹ́ ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ tí ó fẹ́ràn Ọlọ́run, ó sì ti ń múra láti di àlùfáà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 1956, ìjọba mú òun pẹ̀lú àwọn yòókù, gbogbo wọn jẹ́ 156, lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Nínú oṣù yẹn kan náà ni ó gbé Adelaide Tshukudu, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, ní ìyàwó. Ní ìparí ọdún 1957, a fa ẹ̀sùn tirẹ̀ yọ.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1960, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa ènìyàn 69 ní Sharpeville. Ẹgbẹ́ ANC ti pinnu pé bí nǹkan bá le, Tambo ni yóò lọ sí òkè òkun láti máa sọ̀rọ̀ fún wọn. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà ó kọjá sí Bechuanaland, tí à ń pè ní Botswana lónìí. Kò tún fi ojú kan ilé mọ́ fún ọdún 30. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń gbé ní London, òun náà sì ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, Lusaka ní Zambia ni ó sì wá di ibùjókòó ẹgbẹ́ náà.

Báyìí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Báwo ni olórí tí ó wà ní Lusaka yóò ṣe máa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó wà ní Johannesburg àti Durban sọ̀rọ̀? Àwọn ọlọ́pàá ń já lẹ́tà, wọ́n ń gbọ́ tẹlifóònù, wọ́n sì ń mú ìránṣẹ́. Lẹ́tà tí a fi ọwọ́ sọ di àmì ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó dé, nígbà tí èsì bá sì fi padà, ọ̀ràn náà ti yí padà. Àwọn baba ńlá wa mọ irú ìṣòro yìí, àrokò ni wọ́n sì fi ń yanjú rẹ̀. Wọn a so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, ẹni tí ó gbà á a sì mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà sí òun. Ìránṣẹ́ lè gbé àrokò lọ láì mọ ohun tí ó gbé dání. Ṣùgbọ́n àrokò ní àléébù kan: ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ́ èdè rẹ̀ lè já a ní ojú ọ̀nà, kí ó sì kà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí.

Ọ̀nà kan wà tí kò ní irú àléébù bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1917 tí a bí Tambo gan-an ni Gilbert Vernam, ará Amẹ́ríkà, ronú kan ẹ̀rọ tí ń da nọ́ńbà àṣírí pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí a ń fi ránṣẹ́. Ní ọdún 1949 ni Claude Shannon fi ìṣirò hàn pé bí a bá mú àwọn nọ́ńbà náà láìní ìlànà kankan, tí wọ́n gùn tó ọ̀rọ̀ náà, tí a kò sì lò wọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sí ọlọ́gbọ́n tí ó lè tú u.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe é fún yín bí a ti ń ṣe é lójú pátákó. Lẹ́tà 25 ni ó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Bí a bá kà wọ́n láti A tí í ṣe 1 dé Y tí í ṣe 25, W yóò jẹ́ 24. Ká ní mo fẹ́ fi WÁ ránṣẹ́: 24 àti 1 ni nọ́ńbà rẹ̀. Mo wo kọ́kọ́rọ́ mi, mo bá 9 àti 17 níbẹ̀. Mo fi 9 kún 24, ó di 33. Nítorí pé ó kọjá 25, mo yọ 25 kúrò, ó ku 8, èyí tí í ṣe GB. Mo fi 17 kún 1, ó di 18, èyí tí í ṣe P. GB àti P ni mo fi ránṣẹ́. Ẹni tí ó ní irú kọ́kọ́rọ́ kan náà yóò yọ 9 àti 17 padà, yóò yá 25 níbi tí kò bá tó yọ, yóò sì rí WÁ. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tí ó jí i gbọ́ lè fi 20 àti 1 dán an wò, LỌ ni yóò sì rí. Kò sí ohun tí yóò fi mọ̀ bóyá WÁ ni mo wí tàbí LỌ.

Ní ọdún 1986, ìgbìmọ̀ àgbà ANC fún Tambo ní àṣẹ láti dá ètò kan sílẹ̀ tí yóò mú àwọn aṣáájú padà wọ inú ilé ní ìkọ̀kọ̀. Vula ni a pe ètò náà, èyí tí ó túmọ̀ sí ṣí ọ̀nà. Tambo àti Joe Slovo ni wọ́n ń darí rẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n sì jẹ́ kí ó mọ̀ nípa rẹ̀, kódà láàárín ìgbìmọ̀ náà. Tim Jenkin àti Ronnie Press, tí wọ́n wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Jenkin yìí ni ẹni tí ó fi igi gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ nínú ẹ̀wọ̀n Pretoria, tí ó sì fi ṣí ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1979. Ọkùnrin náà mọ ohun tí ń mú kí àgádágodo kùnà.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹni tí ó wà ní Gúúsù Áfíríkà yóò tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kékeré. Ètò tí Jenkin kọ yóò da nọ́ńbà tí ó wà lórí díísìkì pọ̀ mọ́ ọn, yóò sì pa àwọn nọ́ńbà tí ó ti lò rẹ́. Ẹ̀rọ mìíràn yóò sọ ọ́ di ariwo, a ó sì gba ariwo náà sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni náà yóò lọ sí ibi tẹlifóònù ìta gbangba, yóò pe nọ́ńbà kan ní London, yóò sì gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí ẹnu tẹlifóònù. Ní London, ẹ̀rọ tí ń dáhùn ìpè yóò gba ariwo náà sílẹ̀, Jenkin yóò tú u, yóò sì fi ránṣẹ́ sí Lusaka. Obìnrin ará Netherlands kan tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń bá wọn gbé àwọn díísìkì wọ Johannesburg. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1988, Mac Maharaj àti Siphiwe Nyanda wọ inú ilé ní ìkọ̀kọ̀, ọ̀rọ̀ tí ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé láàárín ọjọ́ kan. Kódà Mandela tí ó wà lẹ́wọ̀n ní Victor Verster gba ọ̀nà náà bá Tambo sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ti pín ọ́fíìsì kan ní Chancellor House tún ń gba ara wọn nímọ̀ràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1989, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Tambo, iṣẹ́ àṣekára sì ti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1990, ìjọba fagi lé òfin tí ó de ANC, Mandela sì jáde. Ṣùgbọ́n Vula kò tí ì kógbá sílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún náà, àwọn ọlọ́pàá mú Charles Ndaba àti Mbuso Shabalala ní Durban, wọ́n sì pa wọ́n. Wọ́n ya wọ inú ilé tí ẹgbẹ́ náà ń lò, wọ́n sì kó àwọn díísìkì. Nínú àwọn díísìkì náà ni wọ́n ti bá àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti tú, tí ó yẹ kí a ti pa rẹ́, tí a sì fi sílẹ̀ ní gbangba láìbò. Wọ́n mú Nyanda, wọ́n sì mú Maharaj ní Johannesburg ní ọjọ́ 25 oṣù náà. A fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n Ndaba àti Shabalala kò padà wálé mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Kò sí ọlọ́pàá tí ó tú ìṣirò náà. Ìṣirò náà dúró gbọn-in-gbọn-in bí Shannon ti wí. Ibi tí ògiri ti lanu ni ọwọ́ ènìyàn tí ó rẹ̀, tí ó ní iṣẹ́ púpọ̀, tí ó sì rò pé òun yóò pa ìwé náà rẹ́ ní ọ̀la. Mi ò bú wọn, nítorí pé inú ewu tí èmi kò rí rí ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé ibi kan náà ni aláǹgbá ń gbà wọlé títí di òní.

Tambo padà sílé ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 1990. Ó kú ní Johannesburg ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1993, a sì sin ín sí Wattville. Ó ku ọdún kan àti ọjọ́ mẹ́ta kí gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè rẹ̀ tó dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a ṣe lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ tún ní ìtàn mìíràn lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nígbà tí Jenkin ń padà sílé ní ọdún 1991, ó di ètò rẹ̀ sínú fáìlì kan tí ó fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tì. Ó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1994, àwọn olùwádìí méjì, Eli Biham àti Paul Kocher, ti fi hàn pé àgádágodo irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ní ihò: bí ènìyàn bá mọ díẹ̀ nínú ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó lè tú ìyókù. Ihò yìí ni John Graham-Cumming, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, gbà ṣí fáìlì náà fún Jenkin, ní ọdún 2024 a sì gbé ètò Vula síta kí gbogbo ayé lè kà á. Láti inú èyí ẹ ó rí i pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń wá ihò lára ògiri ni olè. Ẹni tí ó wá a, tí ó sọ fún onílé kí ó lè rẹ́ ẹ, olùṣọ́ ni.

Ẹni tí ó rí ihò tí ó sì fi pamọ́ fún ìlò ara rẹ̀ ń ko gbogbo ìlú sínú ewu. Ilé iṣẹ́ amí Amẹ́ríkà kan ti mọ ihò kan nínú sọ́fítíwíà Microsoft, ó sì dákẹ́. Nígbà tí àṣírí náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, Microsoft rẹ́ ihò náà ní oṣù kẹta ọdún 2017. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gba àtúnṣe náà sínú kọ̀ǹpútà wọn. Ní oṣù karùn-ún, àjàkálẹ̀ tí à ń pè ní WannaCry gba ibẹ̀ wọlé ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150.

Johannesburg náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 2019, àwọn ọ̀daràn ti fáìlì ilé iṣẹ́ iná ìlú náà, City Power, pa, àwọn ènìyàn kò sì lè ra iná tí wọn yóò lò. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, àwọn mìíràn wọ inú kọ̀ǹpútà ìjọba ìlú, wọ́n sì bèèrè bitcoin mẹ́rin. Ìjọba kọ̀, kò san án. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, wọ́n kọlu ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò ìlera ìjọba, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Johannesburg. Wọ́n pa àkọsílẹ̀ rẹ́, títí kan àwọn ẹ̀dà tí a fi pamọ́. Dókítà kò lè rí èsì àyẹ̀wò aláìsàn lórí kọ̀ǹpútà; tẹlifóònù ni a fi ń sọ èsì tí ó jẹ́ kánjúkánjú. Ẹ ronú ìyá tí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ tí ń ṣàìsàn, tí ó ń dúró de èsì ẹ̀jẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá padà sí orílẹ̀-èdè yín tí ẹ sì dúró ní iwájú kíláàsì, ẹ má ṣe fi ọ̀ràn yìí sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé ọ̀rọ̀ ìwọlé kì í ṣe ohun tí à ń yá ọ̀rẹ́, pé a kì í lo ẹyọ kan fún ibi gbogbo, pé àtúnṣe tí a fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí à ń sún di ọ̀la, pé ẹ̀dà ohun tí ó ṣe pàtàkì gbọ́dọ̀ wà níbi tí olè kò lè dé, àti pé ohun tí kò yẹ kí ó wà mọ́, kí a pa á rẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ sì kọ́ wọn ní ìṣirò dáadáa. Olùkọ́ kan ní Rosettenville kọ́ ọ ní ọdún 1943 láì mọ̀ pé òun fúnra òun yóò fi ẹ̀mí àwọn ènìyàn òun sábẹ́ ààbò rẹ̀ ní ọjọ́ iwájú.